Owó Ọmọ Méje Lórí Gèèmù Tí Kò Tíì Jáde

Ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn nínú oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù gèèmù mi ní Sábó, Ìkòròdú, tán ni àwọn ọmọkùnrin méje wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí èyí tó bèèrè páàdì nínú wọn. Mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀. Èyí tó ń kọ́ iṣẹ́ amúlétutù ló ṣíwájú. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó fa ọ̀rá dúdú kan yọ lápò, ó gbé e sórí káńtà.

"Àǹtí, ẹ kú ìsinmi o. Ẹ jọ̀ọ́, owó kan rèé. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án náírà la dá. A fẹ́ kí ẹ bá wa fi ìyókù kún un, kí a tètè sanwó gèèmù kan sílẹ̀."

"Gèèmù wo?"

Àwọn méjèèje dáhùn pọ̀: "Requiem!"

Resident Evil Requiem, gèèmù adẹ́rùbani kan, ni wọ́n ń sọ. Mo bi wọ́n bóyá ó ti jáde. Wọ́n ní rárá, ó di ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2026. Ìyẹn ni pé oṣù mẹ́fà ṣì wà láàárín owó tó wà lórí káńtà yìí àti ọjà tí wọ́n fẹ́ fi rà. Mo wá bi wọ́n pé kí ló dé tí ara ń kán wọn tó báyìí. Èyí tó kéré jù nínú wọn, ọmọ ìyá tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Sábó, ló na fóònù rẹ̀ sí mi. "Àǹtí, ẹ ka ohun tí àwọn oníròyìn sọ. Wọ́n ti gbá a. Wọ́n ní kò sí irú ẹ̀."

Bí a ṣe ka ìròyìn àwọn tó kọ́kọ́ tọ́ gèèmù náà wò, ohun tí a bá níbẹ̀, ohun tí a wá tì, àti ibi tí ọ̀rọ̀ owó náà já sí, ni mo fẹ́ kọ síbí. Àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù bíi tèmi ní Àgíríìkì àti Ìgbógbo ti bi mí nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì sàn kí n kọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan.

Ṣọ́ọ̀bù mi kò tóbi. Ẹ̀rọ gèèmù PS4 mẹ́ta ló wà níbẹ̀ àti PS5 kan tí mo fi ọdún méjì san gbèsè rẹ̀. Gèèmù bọ́ọ̀lù ló ń bọ́ wa. Ènìyàn méjì á jókòó, wọ́n á gbá a fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, ẹni tí wọ́n bá nà á dìde, ẹlòmíràn á jókòó, owó á sì máa wọlé. Gèèmù adẹ́rùbani kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbá a, ó sì lè jókòó ti páàdì fún wákàtí mẹ́ta kó má tíì jáde nínú ilé kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ owó nìkan ni mò ń wò, ǹ bá ti dá ọ̀rá dúdú yẹn padà lójú ẹsẹ̀.

Àmọ́ èmi gan-an fẹ́ràn irú gèèmù yìí dénú. Àbúrò bàbá mi kan ló gbé PlayStation àkọ́kọ́ wọ ilé wa ní Ìpakodò, Resident Evil tí Capcom ti ilẹ̀ Jàpáànù gbé jáde ní 1996 ló sì bá a wá. Shinji Mikami ló darí iṣẹ́ rẹ̀. Ọta inú ìbọn kò pọ̀, ewé tí wọ́n fi ń wo ọgbẹ́ kò pọ̀, kódà kí èèyàn tó lè tọ́jú ibi tó bá a dé, ó ní láti ní rìbọ́ọ̀nù ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ́wọ́. Ohun tí mi ò gbàgbé ni ìlẹ̀kùn. Bí èèyàn bá fẹ́ wọ yàrá mìíràn, gbogbo ojú TV á ṣókùnkùn, ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo á yọ, á máa ṣí díẹ̀díẹ̀, á máa dún kíìì. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé àsìkò yẹn ni ẹ̀rọ ń wá ohun tó wà nínú yàrá kejì lórí CD. Wọ́n mú ìdúró tí kò ṣeé yẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀rù. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe gèèmù yìí ti wọ̀ mí lọ́kàn.

Mi ò gba owó náà lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì lé wọn. Mo ní kí wọ́n padà wá ní aago méje alẹ́, kí a jọ ka ìròyìn náà.

Nígbà tí wọ́n dé, mo ti ilẹ̀kùn iwájú, mo fi fóònù sára TV kí gbogbo wa lè rí i. Mò ń ka Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, mo sì ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kò fi bẹ́ẹ̀ yọ̀ mọ́ lẹ́nu. Ìròyìn mẹ́rin la kà lálẹ́ ọjọ́ náà, a sì ka mẹ́ta sí i nígbà tó yá.

Mo kọ́kọ́ ṣàlàyé fún wọn bí irú ìròyìn yìí ṣe ń dé ọwọ́ wa. Oṣù kẹfà 2025 ni Capcom kéde gèèmù náà níbi Summer Game Fest, àpèjọ ìkéde gèèmù ní Amẹ́ríkà. Láti ọjọ́ 20 sí 24 oṣù kẹjọ, wọ́n gbé e lọ sí Gamescom, ọjà gèèmù ńlá tí wọ́n máa ń ná ní ìlú Köln ní Jámánì, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn èèyàn fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbé kalẹ̀. Apá kan ni, bíi ìdajì wákàtí, àwọn tó ṣe é ló sì yan apá náà. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí pẹ̀lú gèèmù tó ń bọ̀ lọ́nà: ẹni tó se ọbẹ̀ ló ń yan ibi tí àlejò máa ki ṣíbí bọ̀. Wọ́n tún sábà máa ń dá ọjọ́ fún àwọn oníròyìn, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ọ̀rọ̀ jáde kí ọjọ́ náà tó pé. Ìdí nìyẹn tí ìròyìn ogún fi máa ń yọ láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, tí á wá dà bíi pé gbogbo ayé ló pariwo pọ̀. Ọmọ èlùbọ́ yìí ti rò pé ariwo yẹn fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí.

Mo ya ojú ewé kan nínú ìwé àkáǹtì mi, mo fa ìlà sí i láàárín. Apá òsì la kọ ohun tí oníròyìn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tàbí tó fi ojú ara rẹ̀ rí sí. Apá ọ̀tún la kọ ohun tó gbà pé yóò rí bẹ́ẹ̀ tí gèèmù bá jáde sí. Mo ní kí àwọn ọmọ máa sọ ibi tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan yẹ kó wà. Wọ́n kọ́kọ́ ń ṣàṣìṣe. Tí mo bá kà á pé èyí ló bani lẹ́rù jù láti ọdún mélòó kan, wọ́n á ní "òsì, òsì!" Mo ní rárá o. Ta ló ti gbá a tán tó fi mọ̀?

Apá òsì kún ju bí mo ṣe rò lọ, nítorí àwọn mìíràn nínú àwọn oníròyìn náà mọ iṣẹ́ wọn gan-an. Ohun tí a rí rèé. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Grace Ashcroft lèèyàn ń darí. Iṣẹ́ ìwádìí ló ń ṣe fún FBI, kì í ṣe jagunjagun. Ó jí, ó rí i pé wọ́n ti dè é mọ́ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, wọ́n dorí rẹ̀ kodò, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ṣàn gba inú rọ́bà lọ sínú ìgò. Ó tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn náà ṣókùnkùn. Ó ń wá fíúsì tí yóò ṣí ọ̀nà tí wọ́n dí. Láítà kan ló ní. Ohun kan wà nínú ilé náà, ó jọ obìnrin, ó ga ju ẹ̀dá lọ, orí àjà ló ń gbà wọlé tó sì ń gbà jáde, kò sì fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀. Ní apá tí wọ́n gbá yẹn, ìgò òfìfo lèèyàn lè jù láti fi tàn án, kò sí pé a fẹ́ bá a jà. Ẹni tó ń gbá a lè yàn kí ojú òun jẹ́ ojú Grace gan-an, tàbí kí òun máa wo Grace láti ẹ̀yìn.

Ibi ọ̀rọ̀ láítà ni yàrá ti dákẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn oníròyìn kọ ọ́ dáadáa: bí ó ṣe gbé láítà sókè, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò kọjá apá rẹ̀, òkùnkùn tó kù sì wá dà bíi pé ó nípọn sí i. Ta ló nílò àlàyé nípa ìyẹn ní Ìkòròdú? Gbogbo wa ló ti fi tọ́ọ̀ṣì fóònù rìn láti ilé ìdáná dé yàrá nígbà tí wọ́n mú iná. A mọ bí ibi tí tọ́ọ̀ṣì kò tàn dé ṣe máa ń rí. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ amúlétutù, tó ti ń fọ́nnu láti ìrọ̀lẹ́ pé kò sí gèèmù tó lè dẹ́rù ba òun, rọra fa àga rẹ̀ sún mọ́ ti ẹnì kejì.

Àwọn oníròyìn náà tún sọ pé èèyàn máa ń gbọ́ ohun náà lórí àjà kó tó rí i. Kì í sì í ṣe ìgbà tó bá yọ ni ẹ̀rù pọ̀ jù, bí kò ṣe ìgbà tí ìró rẹ̀ ń lọ tó sì ń bọ̀. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé èmi tí mo jẹ́ obìnrin Ìkòròdú, ẹ̀kọ́ yẹn kò ṣàjèjì sí mi. Láti kékeré la ti ń wà nínú ilé tí Orò bá jáde. Fèrèsé á tì, ìyá wa á pa fìtílà, a ò ní rí ohunkóhun. Ìró yẹn nìkan la máa ń gbọ́, á dún lápá ibì kan, á dákẹ́, á tún dún níbi tó jìnnà tàbí tó sún mọ́, a ò lè sọ èwo. Mi ò fi Orò wé gèèmù o, kí ẹnikẹ́ni má ṣi mí gbọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé etí wa ti mọ ohun tí àwọn oníròyìn yẹn ń gbìyànjú láti fi ojú ewé márùn-ún ṣàlàyé, ìdí sì nìyẹn tí mo fi gbà wọ́n gbọ́ lórí kókó yẹn.

Apá ọ̀tún ìwé náà ni wàhálà wà. Ọ̀pọ̀ ìrètí ló wọ ibẹ̀: pé gèèmù náà á jẹ́ sísá àti sísápamọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, pé á dà bíi Resident Evil 7, pé kò ní sí ìbọn púpọ̀. Kò sì sí ìkankan nínú ìdajì wákàtí yẹn tó lè fi èyí hàn. Ohun kan tiẹ̀ wà tí àwọn ọmọ mi kò kà rárá, nítorí ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà: PS5, Xbox Series àti kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń ṣe gèèmù náà fún, nígbà tó yá Switch 2 náà wọ̀ ọ́. Kò sí PS4. Mẹ́ta nínú àwọn méje yìí ló ti ń ronú pé àwọn á máa yá díìsìkì lọ sílé láti fi sínú PS4 ẹ̀gbọ́n wọn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án wọn ti wà lórí káńtà kí wọ́n tó mọ̀.

Mo wá sọ ìtàn P.T. fún wọn. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 2014, ìtọ́wò kan jáde lórí PS4 lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ní ilé iṣẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí ló ṣe é. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Èèyàn á rìn ín dópin, á ṣí ilẹ̀kùn, á tún bá ara rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà, àfi pé nǹkan kékeré kan ti yí padà. Ẹni tó bá yanjú rẹ̀ dópin ló máa rí i pé gèèmù adẹ́rùbani kan, Silent Hills, ló ń bọ̀, pé Hideo Kojima tó ń ṣe gèèmù àti Guillermo del Toro tó ń darí fíìmù ló wà nídìí rẹ̀. Àwọn oníròyìn yìn ín, wọn ò sì purọ́: mo gbá a, mi ò lè sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2015, Konami, ilé iṣẹ́ tó ni ín, fagi lé Silent Hills. Wọ́n sì yọ P.T. fúnra rẹ̀ kúrò lórí àtẹ. Ìtọ́wò dùn, ọbẹ̀ kò délẹ̀ títí dòní. Ọmọ èlùbọ́ bi mí pé àwọn tó ti sanwó sílẹ̀ ńkọ́? Mo ní ọ̀fẹ́ ni ìtọ́wò yẹn, ìyẹn ló kó wọn yọ. Tiwa yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́. 69.99 dọ́là ni iye rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà nígbà náà, kí ẹni tó máa gbé e wọlé tó fi tirẹ̀ lé e.

Ní ọjọ́ kejì ni bàbá onílé wa gbọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, wọn ò tètè dáhùn.

"Ìyá Gèèmù, wọ́n ní o fẹ́ kó gèèmù òkú wọ inú ilé yìí."

Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, a kò tíì rà á."

Wọ́n ní, "Ṣé ẹ̀rù tó bà wá ní Ìkòròdú ní 2017 kò tó ni?"

Mi ò rí èsì fọ̀ fún wọn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá gbé Ìkòròdú ní 2016 àti 2017 mọ ohun tí bàbá ń sọ. Badoo ni, ẹgbẹ́ apànìyàn kan. Wọ́n ń wọlé tọ ìdílé lọ lóru, ní ìgbà tí ọmọ àti ìyá ń sùn. Gbogbo àdúgbò ló ń ṣọ́lé. Bàbá fúnra wọn jókòó sí oríta wa pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́, wọ́n ń fi táyà dáná títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mo rántí òórùn táyà yẹn lára aṣọ tí a sá síta. Nítorí náà, mi ò lè dá bàbá lóhùn pé eré lásán ni. Ohun tí mo sọ fún wọn ni pé ẹ̀rù ti ìgbà yẹn kò ní páàdì lọ́wọ́ wa. Èyí, ẹni tó bá ń gbá a lè tẹ bọ́tìnnì kan, kó dúró. Bàbá ronú sí i. Wọ́n ní àwọn kò tíì gbà, ṣùgbọ́n kí n jẹ́ kí àwọn fojú ara wọn rí i.

Ibẹ̀ ni èrò ìdánwò ti wá. Koshi Nakanishi tó darí Resident Evil 7 ní 2017 náà ló ń darí Requiem, ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníròyìn ló sì fi méjèèjì wéra. Resident Evil 7 wà lórí PS4, mo sì ní díìsìkì rẹ̀. A ò lè tọ́ Requiem wò ní Sábó, ṣùgbọ́n a lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀rù tí àwọn oníròyìn ń sọ lè wáyé nínú ṣọ́ọ̀bù tiwa. Àwọn oníròyìn jókòó ní ibi tí wọ́n tò fún wọn, hẹ́dífóònù wà létí wọn, ojú wọn sún mọ́ ẹ̀rọ. Àwa ńkọ́?

A kọ́kọ́ ṣe é ní ọ̀sán. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, oòrùn ń tàn sára TV, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ilé, èèyàn mẹ́jọ ló dúró yí ẹni tó ń gbá a ká. Ẹ̀rù kankan kò bà wọ́n. Nígbà tí Jack Baker, baálé tó ń lé èèyàn kiri nínú gèèmù náà, la ògiri kọjá, ariwo "góòòlù!" ni wọ́n pa. Gbogbo wọn ló ń darí ọmọ náà: yà sọ́tùn-ún, sá, padà sẹ́yìn. Inú wọn dùn, mi ò sì sọ pé ìyẹn burú, ṣùgbọ́n kò jọ ohun tí a kà.

Nígbà tó di aago mẹ́jọ alẹ́, mo kó àwọn páálí kúrò nínú yàrá ẹ̀yìn, mo gbé TV kékeré kan síbẹ̀. Mo fi hẹ́dífóònù sí ọmọ amúlétutù létí. Bàbá onílé jókòó sẹ́nu ọ̀nà, èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ibi kan náà tí wọ́n gbá lọ́sàn-án ló bẹ̀rẹ̀. Àwa tó ń wò ó kò gbọ́ ohùn kankan, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ ni mo tẹjú mọ́. Àtàǹpàkò òsì rẹ̀ ló wà lórí ohun tó ń mú ẹsẹ̀ rìn. Ó ń tì í síwájú, ó ń sinmi, ó ń tì í síwájú. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ìyẹ̀wù kan, àtàǹpàkò náà kúrò lórí rẹ̀ pátápátá. Ó gbé e sókè díẹ̀, bí ẹni tí nǹkan gbígbóná fẹ́ jó. Kò rìn síwájú, kò rìn sẹ́yìn. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí mo fi ka ogójì. Páàdì ti ń dán fún òógùn. Lẹ́yìn náà ló sún hẹ́dífóònù kúrò ní etí kan, kò wẹ̀yìn, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúrò níbẹ̀."

Bàbá onílé ní kí ó gbé hẹ́dífóònù náà fún àwọn. Wọ́n fi sétí, wọ́n di ojú wọn, wọ́n sì gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n bọ́ ọ. "Ẹsẹ̀ ló ń rìn yìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Lókè orí ẹni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n ní ó dáa, ṣùgbọ́n ohùn yẹn kò gbọdọ̀ jáde sí àgbàlá níbi tí àwọn ọmọdé ń sùn, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wà nídìí rẹ̀ tí aago mẹ́sàn-án bá ti lù. Mo gbà. Mo tún fi tèmi kún un: àmì 18, pé kì í ṣe fún ẹni tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, ló wà lára páálí Resident Evil 7 tó tọwọ́ Yúróòpù wá, ìyẹn náà la ó sì máa tẹ̀lé nínú yàrá yẹn.

Ẹni tó máa tà á ló wá kù. Oníṣòwò kan ní Èkó, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ti sọ fún àwọn ọmọ pé tí wọn ò bá san gbogbo owó kí oṣù kẹsàn-án tó parí, iye rẹ̀ á gbẹ́nu sókè. Mo pè é lórí fóònù. Mo ní kó fún wa ní rìsíìtì tó kọ ọ́ sí pé á dá owó padà tí gèèmù kò bá jáde lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Ó ní òun kì í ṣe irú ìyẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo pa fóònù.

Inú àwọn ọmọ náà bàjẹ́ gan-an. Wọ́n ní èmi ni mo ń fà wọ́n sẹ́yìn, pé àwọn ṣọ́ọ̀bù mìíràn á ti ní in lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Méjì gba owó wọn padà lójú ẹsẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn kò tíì wẹ̀yìn wo ṣọ́ọ̀bù mi láti ìgbà náà, ó sì ń dùn mí, nítorí ọmọ tó níwà ni. Ọmọ èlùbọ́, ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Mo fa ₦9,000 rẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ níbi tí wọ́n ń tajà sí. Ìyá rẹ̀ dúpẹ́ títí. Ọmọ náà kò dúpẹ́. Ó sunkún, ó ní òun lòun rí ìròyìn náà, òun lòun kó gbogbo wọn jọ, òun náà sì ni wọ́n máa kọ́kọ́ yọ. Òótọ́ ló sọ. Mi ò rí nǹkan sọ tó lè tù ú nínú lọ́jọ́ yẹn.

Owó àwọn mẹ́rin tó kù, ₦36,000, wà nínú kóló tí káfíńtà fi ìṣó kàn pa. A jọ fẹnu kò pé a ò ní fọ́ ọ títí àwọn tó gbá gèèmù náà tán yóò fi sọ̀rọ̀, kì í ṣe àwọn tó tọ́ ọ wò.

Ní oṣù kejìlá, wọ́n fi fídíò tuntun hàn níbi The Game Awards, ayẹyẹ ìfúnni-lẹ́bùn àwọn oní-gèèmù. Leon Kennedy wọlé, Leon tí a mọ̀ láti Resident Evil 2 ti 1998 àti Resident Evil 4 ti 2005. Òun náà ni èèyàn máa darí, àti pé ìjà ni apá tirẹ̀, kì í ṣe sísápamọ́. Àwọn ọmọ sáré wá bá mi lọ́jọ́ kejì. Mo fa ìwé àkáǹtì yọ, a wo ojú ewé tí mo fa ìlà sí. Kò sí ohun kan lápá òsì tó yí padà: Grace, láítà, fíúsì, ohun tó ń rìn lórí àjà, gbogbo wọn dúró síbi tí wọ́n wà. Apá ọ̀tún, mo mú bírò, mo fa igi lé gbólóhùn mẹ́rin. Ọmọ amúlétutù kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ti fẹ́ràn kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ òkùnkùn àti láítà. Ẹnì kejì rẹ̀ ń yọ̀, nítorí ìbọn ló ti ń wá. Ká ní oṣù kẹjọ ni wọ́n ti sanwó, ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ì bá rò pé àwọn rà.

Oṣù kìíní 2026 ni mò ń kọ èyí. Yàrá ẹ̀yìn ti ṣe tán: àga kan, TV kan, hẹ́dífóònù méjì kí ọ̀kan má baà bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, aṣọ dúdú lójú fèrèsé. Mo ti gbé PS5 síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì gbé e padà sí iwájú nítorí bọ́ọ̀lù.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ èlùbọ́ wọlé. Ó kí mi, kò bèèrè páàdì. Ó ní òun ti rò ó, pé tí wọn ò bá ní jẹ́ kí òun gbá a, òun ni Gẹ̀ẹ́sì yọ̀ mọ́ lẹ́nu jù nínú gbogbo wọn, kí n jẹ́ kí òun máa ka ìròyìn fún wọn nígbà tí àwọn tó gbá a tán bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé ní oṣù kejì. Mo ní mo gbà. Ó fa ìwé kan yọ nínú báàgì iléèwé rẹ̀, tuntun ni, ojú ewé àkọ́kọ́ ṣófo. Ó ti fi rúlà fa ìlà sí i láàárín.